Àga Mi Rílé Gbé Kí Èmi Tó Rí

                                                  Ìsọ̀ Àtúnṣe Àga,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àna mi tí kì í bínú àfi tí ebi bá ń pa á? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àkọ́bí ti ṣíwọ́ à ń jẹ èékánná, àbí ó ti jẹ ẹ́ dé ìgúnpá? Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ nígbà tó o kọ̀wé gbẹ̀yìn, ṣé ó ti fi ẹ́ sílẹ̀? Mo ti sọ fún ẹ pé bó o ṣe ń bẹ̀rẹ̀ dirun yẹn ò dáa. Gbé oníbàárà sórí nǹkan gíga, kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó o máa wárí fún irun wọn. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì sanra. Ìyàwó kí ẹ. Màmá náà kí ẹ, àmọ́ ìkíni tiwọn gùn, mo ti gé e kù: wọ́n ní o kì í kọ̀wé tó.

Ìsọ̀ ni mo ti ń kọ èyí o, orí àga oníbàárà kan tí mi ò tíì bò ni mo jókòó lé. Tí n bá kọ ọ́ nílé, Màmá á ní kí n kà á sókè, ibikíbi tí mo bá sì ti dárúkọ wọn, wọ́n á ní kí n pa á rẹ́. Lẹ́tà ò ní ṣẹ́kù.

O béèrè pé ọ̀rọ̀ ilé tá à ń wá dé ibo. Jókòó dáadáa.

O ṣáà mọ̀ pé òkè pátápátá la wà. Látìgbà tí orúnkún Màmá ti yarí, wọn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títì mọ́. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, èmi ni mo pọ̀n wọ́n padà sókè, gbogbo ẹni tá a bá sì pàdé lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ fún pé àwọn pọ̀n mí rí, àwọn ò mí hẹlẹhẹlẹ báyìí. Àtọjọ́ náà, fèrèsé ló kù fún wọn. Orí àwọn èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí láti òkè yẹn, wọn ò mọ ojú ẹnì kankan. Tí wọ́n bá fẹ́ júwe èèyàn fún mi, wọ́n á ní, "Ọkùnrin tí àárín orí ẹ̀ ti ń pá un." Ó kọ́kọ́ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò júwe ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á kàn jókòó síbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, tá ò bá rí ilé ìsàlẹ̀, gbígbé ni wọ́n máa gbé Màmá jáde níbí." Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ti mọ ibi tó ń lọ.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Kò sì pẹ́ tí mo fi rí yàrá méjì kan nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí títì, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn náà ò sì ga ju bíríkì lọ. Fèrèsé ẹ̀ ń gba oòrùn àárọ̀. Mo dúró sáàárín yàrá, mo ti ń fojú gbé ibùsùn Màmá sí igun.

Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ejẹ́ńtì onílé ló mú mi wọlé. Onítáì ni mò ń pè é, torí táì ẹ̀ gùn débi pé ó máa ń jókòó lé e. Ọmọ náà fẹ́ràn mi. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ dáa, ó ní mo jọ ẹni tí kì í pariwo. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀, ó gbé omi tútù fún mi, ó tan kọ̀ǹpútà, ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?"

Àbúrò mi, o mọ bí iṣẹ́ tiwa ṣe rí. Oníbàárà á gbé àga wá, á fún wa lówó díẹ̀ tí ò tó ra ìṣó. Onífóòmù á gé fóòmù fún wa láwìn, Ìyá Olówùú á fún wa ní aṣọ àti òwú láwìn. Tí oníbàárà bá sanwó, àwa náà á san. Lọ́jà wa, ẹni tí wọ́n bá ń tà láwìn fún, ẹni iyì ni. Ẹni tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kó owó sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ gé fóòmù fún un, yáa ṣọ́ra fún un, ó ti ṣe nǹkan kan níbì kan. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo lẹ́nìkan láyé ni. Mo gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Gbèsè kẹ̀? Gbogbo èèyàn pàtàkì ọjà wa ni mo jẹ. Kò sẹ́ni tí ò lè tà láwìn fún mi."

Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo fi tèmi kọ yàrá méjì.

Ojú ẹ̀ yí díẹ̀, èmi sì rò pé kò gbà mí gbọ́ ni. Ó ní kí n mú ẹni méjì tó mọ ìwà mi dáadáa wá. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan? Ta ló mọ ìwà èèyàn ju olówó ẹ̀ lọ? Ìyàwó ẹni gan-an ò mọ̀ ọ́n tó o.

Bí mo ṣe kó Onífóòmù àti Ìyá Olówùú lọ bá Onítáì nìyẹn. Onífóòmù wọ kóòtù tó fi gbéyàwó, bọ́tìnnì iwájú ẹ̀ ò dé ibi ihò mọ́. Ìyá Olówùú fi lọ́fíńdà para débi tí Onítáì fi sín. Wọ́n jókòó tì mí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Onítáì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa Bàbá yìí?"

Onífóòmù húkọ́. "Ọ̀gá, ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ó ti ń jẹ mí ní gbèsè látìgbà tí àkọ́bí ẹ̀ ń rá. Bó bá san ti òní, á jẹ tọ̀la. Kò sì sá fún mi rí! Tó bá rí mi lókèèrè, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi."

Ìyá Olówùú ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ má dá a lóhùn, jàre. Èmi ló jẹ jù. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ó jẹ mí."

"Kí ló fẹ́ jẹ ẹ́? Òwú?"

"Òwú àti aṣọ! Àbí aṣọ ò tó nǹkan téèyàn ń jẹ ni? Ìwọ tó ń ta kànrìnkàn."

"Fóòmù mi lò ń pè ní kànrìnkàn?"

"Mo pè é bẹ́ẹ̀. Lọ wẹ̀."

Mo jókòó sáàárín wọn, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó tí ọkọ méjì ń du. Ìgbà tí mo wo Onítáì ni mo rí i pé ó ti sún àga ẹ̀ sẹ́yìn títí tó fi kan ògiri.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi orúkọ ẹni tó bá jẹ wọ́n ránṣẹ́ sí. Nǹkan yẹn ò lójú, kò létí, àmọ́ ó lẹ́nu. Ó ní mo ra maṣíìnì ìránṣọ láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, pé díẹ̀díẹ̀ ni mò ń san án. Òótọ́ ni. Ó ní ìgbà kan wà tí mo pẹ́ san, tí mo tún pẹ́ san. Òótọ́ ni. Mo ní kí Onítáì bi í bóyá mo ti wá san án tán. Ó ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ò tíì fi ìyẹn ránṣẹ́. Ṣó o rí i? Pípẹ́ ti fò débẹ̀, sísan ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Onítáì wá rọ̀ mí, ó ní, "Bàbá, onílé ò kórìíra yín o. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè káàkiri, tí oṣù bá parí, owó àwọn tó ń kanlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí ló máa kọ́kọ́ san. Owó ilé á wá gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ san níbì kan, ẹ̀rù ẹ̀ á máa ba onílé."

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà lórí, ó nírù. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo nílé, bóyá èmi náà á béèrè. Ohun tó bí mi nínú ni pé ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò tó fi ń sọ ọ́, kò wo ojú mi. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ ni wọ́n fi kọ́ wa. Tiwọn, orúkọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fọ́mọ nílé.

Ó tún wá fi ìmọ̀ràn lé e. Ó ní kí n lọ yá owó kékeré kan tí mi ò nílò, kí n máa san án lásìkò, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ mí sí rere. Gbọ́ nǹkan. Wọ́n lé mi torí gbèsè, wọ́n ní kí n lọ jẹ òmíràn wá. Mo mu omi tútù tó kù nínú ife, mo dìde. Mi ò fẹ́ kó ṣẹ́ ku nǹkan kan tí wọ́n á ní mo jẹ wọ́n.

Mo délé, Màmá ti ń retí mi.

"Wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà, Màmá."

"Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

"Wọ́n ní mo jẹ gbèsè."

"Ta lo jẹ?"

"Onífóòmù àti Ìyá Olówùú."

"Ta ló lọ sọ fún wọn?"

"Onífóòmù àti Ìyá Olówùú."

"Ta ló mú wọn débẹ̀?"

Màmá mi orí títí. Wọ́n ní, "Bí bàbá yín ṣe ṣe títí tó fi lọ nìyẹn." Mo ń retí kí wọ́n bú mi sí i, ì bá tiẹ̀ tù mí lára. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn yí àga wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé, wọ́n kọjú sí ògiri. Àbúrò mi, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Bí ìyà ńlá bá sì gbéni ṣánlẹ̀, kékeré á máa gorí ẹni. Kò pẹ́ sígbà náà, mò ń kọjá níwájú ilé yẹn, mo rí i tí wọ́n ń kó ẹrù wọlé. Mo ní kí n wo ẹni orí ire tó rí i gbà. Ẹrù ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Àga mi ni! Àga tí mo fọwọ́ ara mi bò, aṣọ aláwọ̀ ewé, ìṣó olórí ribiti yí etí ẹ̀ po. Kọngílá kan tó ń kọ́lé fáwọn olówó ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọ̀la lòun máa sanwó, ó ní ọ̀túnla ni, ó fi ẹnu dídùn kó àga lọ, owó ò sì dé títí dòní. Tìtorí ẹ̀ ni mo fi pẹ́ san owó maṣíìnì. Tìtorí owó maṣíìnì ni mi ò fi rílé. Òun ló wá gba ilé ọ̀hún! Kò tiẹ̀ ní sùn níbẹ̀ o. Ọ́fíìsì ló fẹ́ fi ṣe. Igun tí mo ti gbé ibùsùn Màmá sí lọ́kàn, àga ni wọ́n tò síbẹ̀. Àga mi rílé gbé kí èmi tó rí.

Onítáì wà lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ táì ẹ̀ lé e léjìká. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ẹni tẹ́ ẹ fún nílé yìí jẹ mí lówó o."

"Bàbá, a ti wò ó. Kò jẹ ẹnikẹ́ni. Funfun báláú lorúkọ ẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà yín ni ò mọ̀ ọ́n. Lọ bi káfíńtà. Lọ bi àwọn lébìrà tó ń ru bíríkì fún un."

"Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ wọn?"

Ìwé! Ẹni tó ń ru bíríkì, ọwọ́ wo ni kó fi mú ìwé?

Ohùn wa ni Kọngílá gbọ́ tó fi yọrí síta. Ó ya ẹnu ẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Háà! Ọ̀gá Àga! Ẹ wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí. Owó yín ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó!"

Ó ní kí n wá jókòó lórí àga mi. Onítáì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rí i, Bàbá, ẹ ti ń bára yín bọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti ń bára wa bọ̀. Mo bá tèmi lọ. Ká ní mo dúró, wọn ì bá tún kọ ìjà mọ́ gbèsè tó wà lọ́rùn mi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, fi sọ́kàn torí ìsọ̀ tuntun tó o ní o fẹ́ gbà yẹn. Tó o bá jẹ ilé-iṣẹ́ ńlá lówó, onígbèsè ni ẹ́. Tó o bá jẹ lébìrà lówó, oníṣòwò ni ẹ́. Gbèsè táwa bá jẹ wọ́n ń sáré lọ dé kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n bá jẹ wá, ojú títì ló ń sùn. Nítorí náà, tó o bá san owó ẹnikẹ́ni tán, gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá sì ní kó o mú ẹlẹ́rìí wá, mú ẹni tí ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ.

Onífóòmù gbọ́ pé wọn ò fún mi nílé, ó bá mi wá sí ìsọ̀, inú ń bí i burúkú.

"Èmi tí mo wọ kóòtù lọ jẹ́rìí sí ẹ, wọ́n ní ẹ̀rí mi ò dáa?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí yín ló dáa jù."

"Ṣebí mo sọ fún wọn pé o ò sá fún mi rí? Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbọ́? Ìyá Olówùú ló bà á jẹ́. Obìnrin yẹn lẹ́nu jù."

Ó jókòó. Ó ń fọwọ́ tẹ tìmùtìmù tí mò ń rán, bóyá ó fẹ́ mọ̀ bóyá fóòmù tiẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, tí mò ń kó àgékù sí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Màá kó wọn kúrò. Gbé Màmá wá síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ yín lówó o."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn! Tó o bá ń gbé lọ́dọ̀ mi, màá mọ ibi tí owó mi ń sùn."

Kì í ṣe ilé téèyàn ń fi yangàn, jẹ́ n sọ fún ẹ. Yàrá ńlá kan ni, àti ibi kékeré tá a lè máa dáná. Òórùn fóòmù ò kúrò níbẹ̀, èérún ẹ̀ sì ń wọnú irun. Ìyàwó mi ní láti ọjọ́ tá a ti dé ni gbogbo wa ti di arúgbó. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò pa dé dáadáa, àfi kéèyàn fi ìbàdí sí i. Owó ilé oṣù àkọ́kọ́ gan-an, Onífóòmù ní ká fi lé gbèsè tó wà nílẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan tó ga tó bíríkì.

Orí àga la gbé Màmá kà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Onífóòmù wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn.

"Ẹ rọra o! Èèyàn lẹ gbé, ẹ ò gbé fóòmù."

"Màmá, fóòmù fúyẹ́ jù yín lọ."

"Ìwọ lọmọ mi jẹ lówó?"

"Èmi ni, Màmá."

"Gbé mi dáadáa, kí n lè sọ fún un kó san án."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ mú Onífóòmù jù wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tá a délé tuntun, mo ń tún ilẹ̀kùn kàn, ìyàwó mi ń gbálẹ̀. Mo gbójú sókè, àga Màmá ti ṣófo. Mo ju òòlù sílẹ̀, mo sáré jáde. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Wọ́n wà níwájú lọ́hùn-ún, lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta bàtà, ọ̀pá wọn sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Bàtà pupa ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Màmá, ta ló gbé yín débí?"

"Mo rìn ni. Ilẹ̀ kọ́ ni?"

"Bàtà ta nìyí?"

"Bàtà mi. Mo ti ń jáde báyìí, ẹsẹ̀ lásán ni kí n máa fi rìn?"

"Ta ló sanwó ẹ̀?"

Màmá ń wo bàtà. Obìnrin náà ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ń ṣe àga ló máa san. Mo ní ṣé ọkùnrin tí Onífóòmù máa ń sọ pé kì í sá yẹn? Wọ́n ní òun ni. Mo ní kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n."

Mo yáa tọwọ́ bàpò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi gbèsè mọ̀ mí ní àdúgbò tuntun, ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo na owó sí i, ó ti ọwọ́ mi padà.

Ó ní, "Ẹ rọra, jàre. Tẹ́ ẹ bá san án tán lónìí, kí ló tún máa gbé yín débí lọ́la?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé nìyí o. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé mo ní kó jẹun. Kí àwọn ọmọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kó o kúnlẹ̀ tèmi mọ́ tìrẹ. Nígbà tó o bá ń bọ̀, má lọ ilé àtijọ́ o, ìsọ̀ fóòmù ni kó o béèrè. Tètè kọ̀wé kí Màmá lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ, tí mi ò sì jẹ ẹ́ ní nǹkan kan àfi lẹ́tà,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọ̀gá Àga.